Fọ́tò Tí Kọ̀ǹpútà Kò Ròyìn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ti Ládiméjì fún yín. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò Ìyá Adúnọlá ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ìlú Èjìgbò. Ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé bó bá ti ṣe nǹkan tán, kì í fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Wọ́n ń kó fọ́tò sínú èyí ńlá, kékeré sì ń tọ́jú ẹ̀dà, nítorí iná mànàmáná ibẹ̀ kò ṣe é fọkàn tán. Ládiméjì wá kọ ètò kan. Bí fọ́tò bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà ńlá, kọ̀ǹpútà náà á ròyìn fún ètò yìí, ètò á sì gbé ẹ̀dà rẹ̀ sínú kékeré. Gbogbo wa la yìn ín. Ìyá Adúnọlá ní kó fi ohun kan kún un: kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, kí ètò náà fúnra rẹ̀ wo inú méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba. Ládiméjì rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ni òun tún ń wá lẹ́yìn ohun tí kọ̀ǹpútà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Ládi, gbogbo ọmọ ilé mi ló ń kí mi bí wọ́n bá wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọdún, tí wọ́n bá ya wọlé pọ̀, ṣé gbogbo kíkí náà ni mo ń gbọ́? Mo máa ń wo orí ẹní bóyá gbogbo wọn ti wà níbẹ̀, kí n tó ti ilẹ̀kùn."

Ládiméjì ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe ènìyàn.

Iléyá dé, àwọn ará Èjìgbò tó wà ní Àbíjàn sì ya wálé bí ìṣe wọn. Ráímì wà lára wọn, ó ti pẹ́ tó fojú kan ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ìyá arúgbó náà jókòó sáàárín Ráímì àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò. Ráímì fẹ́ mú un dání lọ lọ́jọ́ kejì, torí ta ló mọ̀ bóyá ojú á tún rí ojú.

Nírọ̀lẹ́, Ládiméjì da fọ́tò gbogbo kámẹ́rà sínú kọ̀ǹpútà ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìròyìn pọ̀ ju ohun tí ètò rẹ̀ lè gbà. Kọ̀ǹpútà da díẹ̀ nù, ó tilẹ̀ sọ pé òun ti da díẹ̀ nù, ṣùgbọ́n Ládiméjì kò kọ́ ètò rẹ̀ láti gbọ́ irú ìyẹn. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó lọ jẹ ẹran iléyá.

Ní òwúrọ̀, iná já wọlé lójijì, ó ba kọ̀ǹpútà ńlá jẹ́. Ọkàn Ládiméjì balẹ̀, ó ṣí kékeré. Fọ́tò ọdún kún ibẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n ti ìyá arúgbó àti àwọn ọmọ rẹ̀ kò sí. Ráímì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rù ba Ládiméjì, ojú sì tì í gidigidi.

Ìyá Adúnọlá ṣí pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó mú mẹ́mórí kámẹ́rà jáde. Ó ní òun kò tíì fojú ara òun rí ẹ̀dà àwọn fọ́tò inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí òun kò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n rẹ́. Wọ́n tẹ fọ́tò náà, Ráímì gbé e mọ́ àyà, ó sì lọ tayọ̀tayọ̀.

Ládiméjì dọ̀bálẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ló tún ètò rẹ̀ kọ. Ní báyìí, bí ìròyìn bá sọnù, ètò á wo gbogbo fọ́tò látòkè délẹ̀. Bí kò tilẹ̀ sọnù, á wò ó kí wọ́n tó ṣíwọ́. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ tí Ìyá ń bi í bóyá ó ti wo orí ẹní.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé, ẹ̀yin ọmọ mi: ẹ gba ìròyìn, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ojú sì lalákàn fi ń ṣọ́rí.