Àbúrò Tí Kò Lè Gun Òkè

Bí ìṣù búrẹ́dì bá lè gun kẹ̀kẹ́, bí Oníbúrẹ́dì ṣe ń gùn ún ni yóò ṣe máa gùn ún. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó bá a jiyàn. Ikùn rẹ̀ máa ń jókòó síwájú rẹ̀ lórí irin kẹ̀kẹ́ bí èrò tó ti sanwó ọkọ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé yìí, aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin kí ó tó dé ẹnu géètì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà ti dé akoto sórí, ó ń dúró dè é. Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fi iṣẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé sílẹ̀ ṣáájú àkókò ìfẹ̀yìntì rẹ̀.

"A ò tíì gbéra, o ti làágùn báyìí," ni Ọ̀gá wí. "Ṣé ìwọ lo ti ọkọ̀ tó gbé ìwọ àti kẹ̀kẹ́ wá ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rá kì í bá ooru ṣeré."

Ìyàwó Ọ̀gá gbé ìgò omi jáde, ó ní kí wọ́n rọra o. Ojú Oníbúrẹ́dì ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

"Òun gan-an ni kí o sọ fún," ni ọkọ rẹ̀ wí, inú rẹ̀ sì dùn. Ó wá yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ náà gbọ́. A fẹ́ yí adágún náà po pátápátá lónìí: inú igbó, etí omi, orí òkè, ká tó padà sílé. Tí o bá tún dá mi dúró débi tí a ò fi ní parí rẹ̀, láti Sátidé tó ń bọ̀, èmi nìkan ni màá máa lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ba Oníbúrẹ́dì lẹ́rù gidigidi. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, ó sì di bíréèkì mú nígbà tí kẹ̀kẹ́ kò tíì rìn rárá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá lọ. Màá gbìyànjú."

Wọ́n wọ inú igbó. Kò sí ọ̀dà lójú ọ̀nà ibẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i, táyà sì ń rún un bí ẹni ń jẹ gúgúrú. Ọ̀gá ṣíwájú, ó ń sọ̀rọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó sọ ti àwọn tíṣà tí kì í tètè dé, ó sọ ti àwọn òbí tó ń bá wọn lẹ̀dí àpò pọ̀. Nígbà tí ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dín kù, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n!" Oníbúrẹ́dì ké láti ẹ̀yìn. "Òkúta ti wọ bàtà mi o!"

Ọ̀gá pòṣé, ó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí kùkùté igi. Oníbúrẹ́dì rọra tú okùn bàtà, ó gbọn bàtà náà, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó tún un gbọn. Ọ̀gá kò rí òkúta kankan kó jábọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n tún wo èkejì."

"Ṣé ìwọ yìí náà lo ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì kiri gbogbo abúlé nígbà tí o wà lọ́dọ̀ọ́?"

"Èyí tí mo jẹ nínú rẹ̀ ni mò ń gbé kiri báyìí, ẹ̀gbọ́n."

Ní etí adágún, ó ní iṣan ẹsẹ̀ ń fa òun. Wọ́n tún rìn síwájú, ó ní kí àwọn dúró wo pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀gá bi í bóyá kò rí pẹ́pẹ́yẹ rí láyé rẹ̀. Ó ní òun rí i, àmọ́ inú ọbẹ̀ ni. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì fi kẹ̀kẹ́ kọjá wọn, wọ́n sì kí wọn kú ìfaradà.

"Ikùn mi ló ń lọ," ni Oníbúrẹ́dì dá wọn lóhùn. "Mo kàn ń sìn ín ni."

Ó wá ku òkè tó kẹ́yìn. Ó ga, ó sì gùn.

"Mi ò ní dúró lórí èyí," ni Ọ̀gá wí. "Tí o bá dúró pẹ́nrẹ́n, àdéhùn wa ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, ó tún mú ọ̀rọ̀ àwọn òbí sọ. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Àyà Oníbúrẹ́dì já. Bí ó bá pè é, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bí kò bá pè é ńkọ́? Ọ̀gá kò wẹ̀yìn, ó ń tẹ pẹ́dà lọ.

Oníbúrẹ́dì yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sínú koríko, ó sì ṣubú gbìì.

Ọ̀gá bojú wẹ̀yìn. Ó rí ikùn lókè, ó rí ẹsẹ̀ méjèèjì lókè, táyà sì ń yí lásán. Ẹ̀rín pa á débi pé ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó di igi mú, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mi ò dúró o, ẹ̀gbọ́n," ni Oníbúrẹ́dì wí láti inú koríko. "Mo ṣubú ni. A ò bá ìṣubú ṣàdéhùn."

Ọ̀gá tún bú sẹ́rìn-ín.

"Dìde, jàre. Jẹ́ ká máa ti kẹ̀kẹ́ lọ, kí o má baà tún ṣubú lé mi lórí."

Wọ́n ti kẹ̀kẹ́ dé orí òkè, wọ́n gùn ún sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì délé.

"A parí rẹ̀, àmọ́ o fà mí sẹ́yìn," ni Ọ̀gá wí lẹ́nu géètì. "Ká ní èmi nìkan ni, mo ti délé tipẹ́. Kò burú, máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ṣì máa fara dà á fún ọ." Ó wọlé lọ wẹ̀, ó ń súfèé.

Ìyàwó rẹ̀ dúró títí ilẹ̀kùn fi padé kí ó tó bi Oníbúrẹ́dì bóyá ọkọ òun sinmi tó bí dókítà tó ń tọ́jú ọkàn rẹ̀ ṣe wí, Oníbúrẹ́dì ní, "Ó sinmi dáadáa, ìyàwó wa, kò sì fura," ó gorí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì gba òkè yẹn padà lọ sí ilé rẹ̀ ní òdìkejì adágún bó ṣe gbà á wá láàárọ̀, kò sọ̀kalẹ̀, kò sì mí hẹlẹ.