Bíréèkì Fáníyì

Ọdún méjì gbáko ni Adéròunmú àti Fáníyì ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ń tún alùpùpù eré wọn ṣe, torí wọ́n fẹ́ jọ gun òkè Ìdànrè lọ wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ láàárín àpáta. Fáníyì ló kọ́kọ́ ra bíréèkì tuntun. Lọ́jọ́ tó gbé alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Adéròunmú, ojú kòkòrò wọ ọ̀rọ̀ náà. Adéròunmú tú bíréèkì yẹn, ó dè é mọ́ alùpùpù tirẹ̀, ó sì fi ògbólógbòó tirẹ̀ tó máa ń ké fíìn rọ́pò.

"Màá dá a padà lọ́la," ló sọ fún ara rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni bíréèkì kọ̀ tí Fáníyì fi wọ kòtò kú. Títí di òní ni ìyá rẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Adéròunmú pé ó bá òun sin ọmọ.

Nírọ̀lẹ́ yìí, Adéròunmú dá gun òkè náà. Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀. Ní kọ́nà kẹta, ó gbọ́ fíìn lẹ́yìn rẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí iná, kò rí ènìyàn. Nígbà tó dé orí òkè, ó dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì. Fíìn gígùn kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá mekáníìkì, o mà lè sáré o! Bíréèkì mi ń mú dáadáa, àbí?"

Adéròunmú kò lè gbójú sókè. "Fáníyì, jọ̀ọ́, mo ní lọ́la ni…"

Ẹnìkan gbé sípánà tútù lé e látẹ́lẹwọ́.

"Tú u fún mi."

Níwájú wọn, ọ̀nà dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀.