Ọmọ Tí Ògìdì Lé Dànù

Ẹ gbálọ́ mi o! Ó já sáàárín àwọn màlúù gbogbo ayé, níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé lórí ìran tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Ògìdì, akọ màlúù funfun, ni alága. Ó ní gbogbo àmúlùmálà ni yóò fi pápá etí odò sílẹ̀. Àyà Adíkálà, abo màlúù alámì tó-tò-tó, já, nítorí ọmọ tó ń mu ọmú rẹ̀ kún fún àmì bíi tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ màlúù kan jáde láti inú ẹrọ̀fọ̀, ó dúdú, ó ń sunkún bọ̀.

Ògìdì kàn án níwo. "Àmúlùmálà pọ́ńbélé! Ta ló bí èyí? Jáde!"

Adíkálà ò bèèrè ìran. Ó ń lá a, ó ń kọrin:

Ọmọ ta ló ń sunkún yìí?
*Wá, ọmọ, wá.*
Ẹrẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ o.
*Wá, ọmọ, wá.*

Ahọ́n dé iwájú orí, funfun yọ. Ó dé ẹ̀yìn, funfun báláú.

Ọmọ náà kọjú sí Ògìdì. "Bàbá, èmi ni. Ẹ̀yin ni mo ń wá."

Ògìdì sún mọ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ sá sábẹ́ Adíkálà.

"Ẹ rọra, Bàbá," ni Adíkálà wí. "Mo fi etí rẹ̀ kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ wá lá a."

Ògìdì lá a. Kò sẹ́ni tó tún lé ọmọ Adíkálà.

Ibi tí mo so àlọ́ mi mọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin abèèrè-ìran, ẹ kọ́kọ́ nu ọmọ ná!