Ojú Sójà Oríta Òkè-Àgbọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Olóyè Látúnjí ti ìlú Òkè-Àgbọ̀n fún yín. Ọkùnrin náà lówó, ó lawọ́, ẹnu rẹ̀ sì dùn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń yin ẹlòmíràn, ara rẹ̀ kì í gbà á. Bí wọ́n bá ń kí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n, yóò ní òun lòun fi ọ̀nà igbó hàn án.

Nígbà ogun Bíáfírà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìlú náà lọ sójú ogun, kò sì sí èyí tó padà bọ̀ nínú wọn. Látúnjí àti Fátóyìnbó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jọ ṣèlérí pé àwọn á jọ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ wá kó wọn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Látúnjí. Inú náà ò sì yéé run ún títí ogun fi parí.

Ọdún gorí ọdún. Ìlú pinnu láti mọ ère sójà kan sí oríta, kí àwọn tó kú má bàa di ẹni ìgbàgbé. Látúnjí, tó ti joyè nígbà náà, ni wọ́n fi ṣe alága. Nínú gbogbo àwọn òkú ogun yìí, Fátóyìnbó nìkan ló ní fọ́tò nínú aṣọ sójà, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì wà. Ìyá ti darúgbó, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti fọ́. Nígbà tí Látúnjí wá tọrọ fọ́tò náà, ìyá dì í mọ́ àyà díẹ̀ kó tó fún un.

"Látúnjí ọmọ mi," ló wí, "èmi ò kúkú rí i mọ́. Ẹ ṣáà bá mi mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Màá máa wá fọwọ́ pa á. Ó tó mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ni Látúnjí dáhùn.

Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ lọ́nà, ara rẹ̀ kò gbà á. Ṣé Fátóyìnbó ni gbogbo ayé á wá máa wò ní oríta? Ó gbé fọ́tò náà sọ sábẹ́ àpótí nílé, ó sì mú fọ́tò ìgbà ọ̀dọ́ tirẹ̀ fún ọkùnrin tó ń fi sìmẹ́ńtì mọ ère. Ọkùnrin náà kì í ṣe ọmọ ìlú. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa ṣí aṣọ lójú ère, ẹnì kan ní kí ìyá má lọ, pé òbí kì í dé ibi sàréè ọmọ. Ìyá dáhùn pé, "Sàréè wo? Ẹni tó bá mọ ibi tó wà, kó mú mi lọ." Wọ́n fà á lọ́wọ́ dé oríta.

Aṣọ ṣí. Àwọn àgbà tó dá ojú náà mọ̀ wo ara wọn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ bá alága jà níwájú Kábíyèsí? Ìyá na ọwọ́, ó fi pa iwájú orí ère, ó fi pa imú. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó bá pélé mẹ́ta níbẹ̀. "Ọmọ mi rèé," ló wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ibẹ̀ ń dán, kò sí pélé kankan. Ó tún un wá, ó fi gbogbo ìka wá a.

Láyé ìgbà náà, gbogbo ọmọ ìlú yẹn ló kọ pélé sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Látúnjí nìkan ló ní ilà ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí olóòlà kọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tán ló já mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sá wọgbó, kò sì jẹ́ kí wọ́n kọ èkejì mọ́ láé.

"Látúnjí," ni ìyá pè, ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ ròkè. "O sá fún abẹ, o sá fún ogun. Ikú tí ọmọ mi kú, o tún fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ó dáa. Fọ́tò rẹ̀ dà?"

Látúnjí ń wolẹ̀. Ó ní ikán ti jẹ ẹ́.

Kábíyèsí gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fi òòlù gbẹ́ ojú ère náà kúrò. Wọ́n gbẹ́ ẹ kúrò. Ojú wo ni wọ́n fẹ́ fi rọ́pò? Ìyá nìkan ló ṣì mọ ojú Fátóyìnbó dáadáa, ọdún ò sì yí tí òun náà fi kú. Kò tún fẹsẹ̀ tẹ oríta náà kó tó lọ. Sójà náà ṣì dúró síbẹ̀ dòní, kò ní ojú, kò nímú, àwọn ọmọdé sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá ń kọjá.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe gba ìyìn iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe, pàápàá ìyìn òkú, torí òkú ò lè dìde wá sọ pé tòun ni. Ẹni tó bá fẹ́ iyì ogun, kó lọ jagun. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbóná.