Èsì Tí Táíwò Ń Retí

Tíṣà ya ẹnu àpòòwé náà, ó sì ń túmọ̀ lẹ́tà inú rẹ̀ fún Màmá Ìbejì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní Odígbó. Táíwò, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn rán lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù, ló kọ ọ́.

"Màmá, ara Táíwò kò yá. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́."

Màmá di etí aṣọ àdúrà rẹ̀ mú. "Ṣé kò sí oògùn ni?"

"Ó ní àwọn dókítà lè yọ kíndìnrín kan lára ìbejì rẹ̀, kí wọ́n sì fi í sí òun lára. Ó ní kí Kẹ́hìndé tètè máa bọ̀, pé òun kò ní ẹlòmíràn."

Ó ti di ọdún méjì tí igi ti wó pa Kẹ́hìndé lóko kòkó. Màmá ló ní kí wọ́n má sọ fún Táíwò, kó má baà pa ìwé tì. Láti ìgbà náà ni tíṣà ti ń kọ lẹ́tà sí i lórúkọ Kẹ́hìndé.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún un lónìí."

"Bó bá gbọ́ ọ, ìbànújẹ́ ni yóò kọ́kọ́ pa á." Màmá ti bébà sí i. "Tíṣà, kọ ọ́ bí o ti máa ń kọ ọ́."

Tíṣà ti kálámù bọ yíǹkì, ó sì kọ ọ́ pé: "Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. A ò ní pẹ́ pàdé."