Ẹni Tí Bàbá Aláago Ń Dúró Dè

Aago mẹ́wàá géérégé ni Télọ̀ kan ilẹ̀kùn Bàbá Aláago, bó ṣe ń kàn án ní gbogbo Sátidé láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Bàbá kò kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Aago ara ògiri ló kọ́kọ́ wò.

"Ìwọ obìnrin yìí, o ò kì í yẹ̀," ó ní. "Wọlé, jókòó. Àmọ́ má jókòó sórí àga yẹn o. Ọmọ mi ni mo fi í sílẹ̀ dè."

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mo mọ̀." Télọ̀ fa àpótí kékeré tó wà lábẹ́ tábìlì jáde, ó jókòó lé e, ó sì na ọwọ́ gba ẹ̀wù tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já.

Láti ọjọ́ tí bàbá ti rí téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀, tó pariwo pé, "Ẹ wò ó, télọ̀ ti dé!" ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ilé náà. Ogójì ọdún ni bàbá fi tún aago ṣe. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì máa ń gbàgbé bóyá òun ti jẹun tàbí òun kò tíì jẹun. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í kọsẹ̀.

"Ṣé mo ti sọ orúkọ tí mo fún un fún ọ? Mò-ń-bọ̀. Màá ní kó wá wẹ̀, á ní, 'Mò ń bọ̀.' Màá ní kó wá jẹun, 'Mò ń bọ̀.' Oúnjẹ á tutù, eṣinṣin á bà lé e. Ọjọ́ tó kó ẹrù jáde nílé yìí, ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ yẹn ló dúró sí. Kí ló sọ?"

"'Mò ń bọ̀,'" Télọ̀ dáhùn.

"O rí i? Ẹni tó ń lọ ló ń sọ pé òun ń bọ̀. Èdè wa yìí ń tan arúgbó jẹ."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín, ó ń fi òwú wá ojú abẹ́rẹ́.

Télọ̀ mọ àrùn fòní-dónìí, fọ̀la-dọ́la dáadáa. Ó ti ṣe òun náà rí. Á ní kí òun wo fídíò kan péré lórí fóònù kí òun tó dìde, oòrùn á sì ti dé àtàrí. Aṣọ oníbàárà ga dé orí fèrèsé ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Ó di Sátidé tó ń bọ̀" ló ń sọ fún gbogbo ayé, àtẹni tó gbé aṣọ wá àtẹni tí kò gbé aṣọ wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù dún níbi tó ti ń wo fídíò. Ó ní òun á pe ẹni náà padà. Ọjọ́ kẹrin ló tó pè é, ẹni náà kò sì mọ ohùn rẹ̀ mọ́.

Látọjọ́ náà ló ti ń ti fóònù mọ́ inú agolo bọ́tìnnì títí iṣẹ́ á fi parí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ "BÁYÌÍ" sára ògiri lókè ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Kì í fẹnu kan nǹkan láàárọ̀ àfi tó bá gé aṣọ kan. Aṣọ tó ga dé fèrèsé wálẹ̀, orí fífọ́ tó máa ń bá a jí lọ, ó sì ń sùn bí ọmọ ọwọ́. Àwọn oníbàárà ní ta ló gbàdúrà fún un.

"Télọ̀," ni bàbá wí, "ìwọ tó mọ iyì àkókò, wá ọmọ yìí lọ. Kọ́ ọ bó o ṣe ń ṣe é."

"Ó ti kọ́ ọ, Bàbá. Ó ti yí padà."

"Kí ló wá dá a dúró?"

Abẹ́rẹ́ gún Télọ̀ níka. Ó fi ìka náà sẹ́nu.

Obìnrin tó ń tọ́jú bàbá gbé omi wọlé, ó sì rọra gbé e kalẹ̀. "Bàbá, tó bá ti wá, tẹ́ ò wá mọ̀ ńkọ́?"

"Kí n má mọ ọmọ tí mo bí? Ọmọ tèmi kò lè ní òun ń bọ̀ láago mẹ́wàá kó sì dé láago mẹ́wàá láéláé. Ẹni tó bá pẹ́ dé, òun ni." Bàbá tún wo aago ara ògiri. "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Á dé."

Obìnrin náà wo Télọ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn sẹ́yìn.

Nígbà tó di ọ̀sán, Télọ̀ ká ẹ̀wù náà, ó dá àpótí padà sábẹ́ tábìlì, ó sì gbé báàgì kọ́ èjìká. Ojú ń ta á, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó wo àga tó ṣófo náà fúngbà díẹ̀, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Dúró ná," ni bàbá pè é. "Mi ò tíì béèrè orúkọ rẹ rí, ojú wá ń tì mí. Tí ọmọ mi bá dé, mo fẹ́ dárúkọ ẹni tó ń bá mi jókòó dè é fún un. Kí lorúkọ rẹ?"

Télọ̀ di ilẹ̀kùn mú, ó dárúkọ tí bàbá yìí fúnra rẹ̀ fi ń pè é láti kékeré, ó ní, "Mò-ń-bọ̀ ni, Bàbá," bàbá sì juwọ́ sí i, ó ní, "Ó dáa, Télọ̀, máa lọ, kó o tètè dé."