Òdòdó Tí Kì Í Bẹ̀bẹ̀ fún Omi

Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wọ bàtà kí òun tó jí.

"Ìyàwó, dìde," ló wí lẹ́nu ọ̀nà yàrá. "A fẹ́ lọ ra òdòdó."

Aránṣọ ni ìyàwó náà, kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn mọ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́ àná ló gbọ́ tí màmá ń bá àbúrò tirẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní kíṣìnnì. "Mi ò fẹ́ ariwo kankan," ni màmá ń sọ. "Ọ̀la ni. Kó kó ẹrù ẹ̀, kó máa lọ." Àwọn mẹ́ta péré ló ń gbé ilé náà. Màmá ló nilé. Inú ilé yẹn gan-an ni wọ́n bí ọkọ rẹ̀ sí. Ta ló wá kù? Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá àtọmọ ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí òun bá ti yọjú, wọ́n á dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ kì í tètè wálé mọ́. Iṣẹ́ pọ̀, ló máa ń sọ, á sì kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yìn ilé-epo ni ọgbà olódòdó wà. Àwọn irúgbìn inú ọ̀rá dúdú tò lọ bí ọmọ iléèwé tó ń dúró de tíṣà.

"Èwo ni kì í kú nínú gbogbo ìwọ̀nyí?" ni màmá bi olódòdó.

"Màmá, tírú ẹ̀ bá wà, èmi gan-an ni mo máa kọ́kọ́ jẹ ewé ẹ̀."

"Fi àwàdà sílẹ̀, jọ̀ọ́. Mo fẹ́ èyí tó jẹ́ pé bó bá gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, gbòǹgbò ẹ̀ á ṣì wà nílẹ̀, á tún hù fúnra ẹ̀ tójò bá dé. Mo fẹ́ kí oyin àti labalábá máa wá síbẹ̀. Mi ò sì fẹ́ èyí táá máa bẹ̀bẹ̀ fún omi láàárọ̀ lálẹ́."

"Ta ló ń bomi rin tilé?"

Màmá fẹnu júwe ìyàwó. "Òun ni. Àmọ́ kò ní ráyè mọ́."

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ wo ewé kan, kí wọ́n má baà rí ojú òun.

Olódòdó kó láfẹ́ńdà, òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń ta sánsán, sílẹ̀, ó kó rósímárì, ewé òyìnbó olóòórùn dídùn, ó sì kó efinrin tó ti ń rúwé dáadáa. "Ẹ má ká efinrin yìí tán sọ́bẹ̀ o," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó tanná. Òdòdó ẹ̀ loyin ń wá. Ẹ gbin irú kan náà sójú kan, kí oyin má baà máa fò kiri wá a. Ẹ sì yan èyí tó ń tanná tẹ̀lé ara wọn, kí wọ́n lè máa rí nǹkan jẹ títí ọdún á fi yí po. Ẹ má wulẹ̀ fín oògùn kòkòrò sí i."

Ìyàwó na ọwọ́ sí òdòdó pupa kan, tín-ín-rín, tó ń mì lórí igi rẹ̀.

"Ìyẹn?" ni olódòdó wí. "Àkẹ́bàjẹ́ nìyẹn. Bí ẹ bá gbàgbé omi ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó parí."

"Mo máa ń rántí," ni ìyàwó fèsì kíákíá. Ó kàn ń wá nǹkan kan nínú ilé yẹn tí kò ní lè yè láìsí òun ni.

"Gbé e padà," ni màmá wí. "Nínú èyí tó lágbára, èwo lo fẹ́ràn?"

"Èyí tí ẹ bá fẹ́ náà ni, mà."

"Èmi kọ́ ni mo bi. Ìwọ ni mo bi."

Ó nawọ́ sí láfẹ́ńdà. Báyìí náà la ṣe máa ń ṣe àlejò dáadáa tó bá ku díẹ̀ kó lọ, ló rò.

Nígbà tí wọ́n délé, abẹ́ fèrèsé iwájú ni màmá ní kí wọ́n gbin àwọn òdòdó náà sí. Ìyàwó ń gbẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ ń lọ sí géètì. Bí ọkọ̀ kan bá kọjá, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Ó gbé rósímárì kan sínú ihò, ó bò ó dé ọrùn.

"Ṣé o fẹ́ sin ín ni?" ni màmá bi í.

Kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Mà, tó bá jẹ́ pé mo ṣẹ̀ yín, ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Ẹni tó ṣẹ̀ mí mọ ara ẹ̀. Yọ ọ́ jáde, kó o tún un gbìn."

Wọ́n ṣì ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí efinrin nígbà tí ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ fọn fèrè níta. Obìnrin kan jókòó sí iwájú ọkọ̀ náà, ó wọ dígí dúdú, ó ń tún irun orí rẹ̀ ṣe nínú dígí ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò wo ojú aya rẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo ọ̀rọ̀ yé ìyàwó. Ó rọra nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ń ro èyí tó máa kọ́kọ́ kó nínú aṣọ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," ni obìnrin inú ọkọ̀ kí.

Màmá dìde, orúnkún rẹ̀ ró, ó rìn lọ sí ẹnu géètì tòun ti erùpẹ̀ lọ́wọ́, ó sì dúró síwájú ọmọ rẹ̀.

"Mo ti kó gbogbo ẹrù rẹ sínú àpótí, ó wà lẹ́yìn ògiri níbẹ̀ yẹn," ló sọ fún ọmọ tó bí, "gbé e sọ́kọ̀ kó o máa bá tìẹ lọ, torí orúkọ ọmọ mi obìnrin yìí ni mo ti yí ilé sí, yàrá rẹ ló sì máa fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ láti ọ̀la."